Ooru Ọ̀sán ní Ilé Ìtajà Gáàsì

Kò sí ọ̀rọ̀ tó tètè máa ń bí mi nínú báyìí bíi kí ènìyàn wo ojú mi kó ní, "Ẹ̀rọ kì í parọ́." Ó ń parọ́. Mo mọ ọ̀kan tó parọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo kọ́ ọ ní irọ́ náà, tí mo tún ń fi í yangàn kiri Bódìjà. Títí di òní, bí oòrùn bá ti mú, tí mo sì ń kọjá níwájú ilé ìtajà gáàsì kankan, àyà mi a já.

Ní àkókò yẹn, ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbà yunifásítì kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti sọ bọ́ìs kọ́tà ẹ̀yìn ilé wọn ní Bódìjà di yàrá ìwádìí. Èmi àti ọ̀gá mi yìí nìkan la wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì méjì, fáànù kan tó ń ké, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ọ̀gá mi kì í pariwo. Wọ́n ní àwàdà, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ní tèmi, inú mi tètè máa ń gbóná, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi lè pa wá pọ̀.

Ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òkúta dídán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ìró kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ń sáré kọjá lójú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. A kun ojú òkúta náà ní ohun kan tí gáàsì ìdáná máa ń lẹ̀ mọ́. Bí gáàsì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, eré ìró náà á dín kù. Ẹ̀rọ á ka iye tó fi dín kù, á kọ nọ́ńbà sójú gíláàsì kékeré kan, bí nọ́ńbà náà bá sì ti pọ̀ jù, á ké. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ooru náà máa ń dín eré ìró yẹn kù. Sẹ́ńsọ̀ kàn mọ̀ pé ìró ti ń falẹ̀ ni, kò mọ̀ bóyá gáàsì ló fà á tàbí ooru. Ìbàdàn la sì wà, ooru kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Ní Agbowó, Àlàájà kan wà tí wọ́n ń ta gáàsì. Ọmọ Òkè-Ògùn ni wọ́n, opó ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń rọ gáàsì láti ìgbà tí mo ti ń kàwé. Ọmọ ni wọ́n máa ń pè mí. Táǹkì ńlá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, páìpù sì gba inú ògiri wọlé láti ibẹ̀. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á po ọṣẹ ìfọṣọ sínú abọ́, wọn á fi kànrìnkàn kun gbogbo oríkèé páìpù náà. Bí ọṣẹ kò bá ti wú, gáàsì kò jò nìyẹn, wọn á ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá kírun àìlà tán, wọn á tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, níbi tí páìpù ti gba ògiri wọlé, torí pé sìmẹ́ńtì ibẹ̀ máa ń tutù. Wọn á sùn díẹ̀ níbẹ̀. Ní òdìkejì gọ́tà, ọmọbìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì lórí ẹyín iná. Ẹ má bi mí bí onígáàsì àti oníbọ̀ọ̀lì ṣe di aládùúgbò. Agbowó ni.

Mo máa ń wo Àlàájà lórí ẹní yẹn, ẹ̀rù a sì máa bà mí. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Bó bá jò lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sùn, imú wọn ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ọ̀gá mi pé, nínú gbogbo ilé ìtajà tó wà nílùú, ọ̀dọ̀ Àlàájà ni kí a ti dán sẹ́ńsọ̀ wa wò. Mo fẹ́ kó máa ṣọ́ wọn lójú oorun.

A gbé e kọ́ ara ògiri, kò ga ju orúnkún lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ó ké bíi pé wọ́n ń pa á. Àwọn oníbàárà sá, wọ́n fi sílíńdà sílẹ̀. Bàbá kan fo gọ́tà, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà fi ọṣẹ kun páìpù, ọṣẹ kò wú. Ọ̀sán dé, ẹ̀rọ tún ké. Báyìí ló ṣe ń ṣe. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, Àlàájà ti fi gèlè wọn dì í lẹ́nu.

"Ọmọ, wá gbé àbàmì rẹ lọ," ni wọ́n wí. "Ó fẹ́ lé gbogbo kọ́sítọ́mà mi tán."

"Ooru ni, Àlàájà. Kì í ṣe gáàsì. Ooru ló ń dà á láàmú."

Kì í ṣe pé mo fẹnu lásán sọ ọ́. Ní Bódìjà, níbi tí gáàsì kò sí rárá, bí a bá gbé sẹ́ńsọ̀ yẹn sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń gòkè. Ó ṣojú mi. Ó tún jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń ké ní Agbowó, kì í ké láàárọ̀. Kí ló tún lè jẹ́ bí kò bá ṣe ooru?

Ohun tó kù ni pé kí a yọ irọ́ ooru kúrò nínú ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé aago òun máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún yára, tó bá wo aago, á yọ márùn-ún kúrò lọ́kàn ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà la fẹ́ kó máa bá wa ṣe ìyọkúrò yìí. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a gbé sẹ́ńsọ̀ sínú àpótí kan tí a lè mú gbóná díẹ̀díẹ̀, tí gáàsì kò sí nínú rẹ̀ rárá, kí a máa kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀ bí ooru ṣe ń gòkè. Bí kọ̀ǹpútà bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀, á fi wọ́n kọ́ ara rẹ̀: bí ooru bá tó báyìí, irọ́ tó ń pa tó báyìí. Á yọ irọ́ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni gáàsì.

Àpótí wà. Iná ni kò sí. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó, jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá mi kò sì lè gbé àpótí náà. Mo ní kí a ní sùúrù títí wọ́n á fi tún un ṣe. Rárá o, irọ́ nìyẹn, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni ara mi kò gbà á. Èmi ni mo ní, ṣebí ooru ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ẹ jẹ́ kí a lo ooru ibẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá mi ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni," wọ́n ní, "oòrùn kì í jó tiransifọ́mà." Wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ó dá ẹ lójú pé gáàsì kankan ò jò níbẹ̀?"

"Àlàájà ń fi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, sà."

Wọ́n mi orí pé ó dára. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kó àkọsílẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀, mo pa igbe rẹ̀, àwọn méjèèjì ń kọ nọ́ńbà tiwọn sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Bódìjà lọ kó o. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, mo ya ìlà méjì sójú ìwé. Ti tẹ́lẹ̀ ń gun òkè lọ́sọ̀ọ̀sán, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tuntun tẹ́ pẹrẹsẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo jó. Mo jó nínú yàrá kékeré yẹn títí ọ̀gá mi fi ní kí n rọra ṣe, kí n má baà fọ́ fáànù àwọn.

Ọ̀sán tó tẹ̀ lé e, ooru mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Mo ti fi ẹ̀kọ́ tuntun náà sínú sẹ́ńsọ̀, mo sì ti dá igbe rẹ̀ padà, síbẹ̀ ó dákẹ́, òdo ló kọ sójú. Àlàájà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ náà, tó sì ń dá oorun mi dúró báyìí.

"Kí ni mo tún ń po ọṣẹ sí láràárọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ọmọ mi ń ṣọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ ketekete. N kò ní kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Mo rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyẹn. Mo ń lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òdo ni mo ń bá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àlàájà ní ooru ọdún yìí ń fọ́ àwọn lórí, tí àwọn bá jí lójú oorun ọ̀sán, ṣe ni ojú àwọn máa ń ṣú. Mo ní kí wọ́n máa mu omi dáadáa.

Ìyá mi ló wá tú u. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n wá gba awò ojú ní Ring Road. Bí a ṣe ń bọ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a yà ní Agbowó kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn. Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Oníbọ̀ọ̀lì ń fẹ́ iná rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi kan ti wọ ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n bá fà á padà, wọ́n fi ìborùn bo imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Gáàsì ni wọ́n ń tà níbí, Màmá."

"Mo mọ̀ pé gáàsì ni wọ́n ń tà. Mo ní kí ló ń rùn *báyìí*?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi igi dáná, mo wí nínú ara mi. Mo na ọwọ́ sí ara ògiri. "Ẹ wo ojú ẹ̀rọ, Màmá. Òdo ló kọ."

"Ẹ̀rọ yẹn nímú ni?"

"Ó ju imú lọ, mà."

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà," wọ́n ní. "Ta ló sùn sílẹ̀ yẹn?"

"Àlàájà ni. Wọ́n máa ń sinmi lọ́sàn-án."

"Jí wọn."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n—"

"Mo ní kó o jí wọn!"

Mo pe Àlàájà. Wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n, mo fi ọwọ́ gbọn èjìká wọn, orí wọn kàn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo lọgun, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lajú, ojú náà pọ́n koko, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. A fà wọ́n síta, èmi lápá ọ̀tún, ìyá mi lápá òsì, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí afẹ́fẹ́, wọ́n bì.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé pẹ̀lú gbogbo èyí, mo ṣì ń jiyàn. Mo ní bóyá ìfúnpá wọn ló ga. Ìyá mi bi Àlàájà léèrè ohun tí wọ́n fi ń yẹ páìpù wò kí ẹ̀rọ tó dé. Àlàájà ní ọṣẹ ni. Ìyá mi po ọṣẹ, wọ́n gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Lọ fi kùn ún. Má tan iná kankan."

Mo di mímí mi mú, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ síbi tí páìpù ti gba ògiri, mo fi ọṣẹ kun oríkèé rẹ̀. Ìfófòó wú. Ó tóbi tó ẹyin adìyẹ, ó bẹ́, òmíràn wú. Ìrọ̀rí Àlàájà wà níbẹ̀, kò jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́ méjì. Mo gbé ojú sókè, mo wo ẹ̀rọ mi.

Òdo.

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilé tí mo ti orí táǹkì pa. Ohun tí mo rántí ni pé mo sá jáde sí títì, mo gbé garawa omi oníbọ̀ọ̀lì, mo dà á lé ẹyín iná rẹ̀ lórí, bọ̀ọ̀lì àti ohun gbogbo. Ọmọbìnrin náà ṣépè fún mi, ó ṣépè fún ìyá mi tó wà nítòsí, ó tún kan bàbá mi tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí Àlàájà na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní "gáàsì," ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi náà jókòó tì í. Ìyá mi ló bá mi tẹ ọ̀gá mi láago.

Nígbà tí ẹni tó ń ṣe páìpù dé, ó tú oríkèé náà, ó fi rọ́bà inú rẹ̀ hàn wá. Rọ́bà náà ti gan, ó ti là. Ó ní bí irin bá tutù láàárọ̀, ojú ibi tó là á pa dé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí irin gbóná, tí gáàsì inú táǹkì náà sì ń tì í, á lanu. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Àṣé ọ̀sán nìkan ló ń jò. Ọṣẹ àsùbáà Àlàájà kò lè rí i láéláé. Láti ọjọ́ kìíní tí sẹ́ńsọ̀ wa ti ń ké, tí bàbá ọjọ́sí fi fo gọ́tà, ìdajì igbe yẹn ni ooru, ìdajì ni gáàsì gidi. Àwa kó méjèèjì sínú àpò kan, a pè é ní ooru, a wá jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí a ń kọ́ kọ̀ǹpútà pé kó máa yọ ọ́ dànù. Kọ̀ǹpútà kò ṣàìgbọràn. Lójoojúmọ́ tí gáàsì bá ti jáde, á wo bí ooru ṣe tó, á ní òun mọ èyí, á pa á rẹ́.

Ọ̀gá mi ka gbogbo àkọsílẹ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ kìíní," wọ́n ní. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí àwọn tẹnu mọ́, àwọn sì ti tètè gba ìdáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a wá jẹnẹrétọ̀ tó lágbára rí, a gbé àpótí ìmúgbóná jáde, a sì fi afẹ́fẹ́ tó mọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kí a ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo ní láti lọ bá Àlàájà. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ti ro ohun tí mo máa sọ: ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ni, Àlàájà, a ti ń tún un ṣe. Ó rọrùn, ta ni yóò mọ̀? Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n jókòó síta lábẹ́ ìbòji, ara wọn ti yá díẹ̀. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú ìyọnu ìjẹta." Kíkí yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Wọ́n gbọ́ mi tán. "Ìyẹn ni pé nǹkan yẹn ń sọ òótọ́, ẹ wá kọ́ ọ kó dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"O ti wá síbí lọ́sàn-án kí màmá ẹ tó wá, àbí o ò wá?"

"Mo wá, mà."

"Ṣé o ò gbóòórùn ẹ̀ ni?"

Mo lè sọ pé kò sí ẹni tó wọ ilé onígáàsì tí kì í gbóòórùn gáàsì. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀sán kan tí mo dúró nídìí káńtà, tí òórùn náà wọ mí lọ́fun débi pé mo dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín. Mo yíjú, mo wo ẹ̀rọ, mo rí òdo, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kì í ṣe ọ̀sán kan péré.

"Mo gbọ́ ọ, mà," ni mo wí. "Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo ní imú mi ló ṣì í gbọ́."

Mo tẹrí ba, mo ń dúró de èébú. Ó wù mí kí wọ́n bú mi. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ bi ọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti wọlé, tó o wo nǹkan yẹn, tó o wá rẹ́rìn-ín, ọkàn mi á balẹ̀. Mo máa ní, ọmọ yìí kàwé, ó fẹ́ràn mi, kò ní jẹ́ kí n kú síbí. Ni mo ṣe máa ń lọ tẹ́ ẹní mi."